Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Dá Mẹ́gáfóònù Padà

Bàbá mi ni wọ́n máa ń bẹ̀ kí ó kéde ọ̀rọ̀ ní ìlú wa, níhìn-ín ní Ìbàràpá. Bí ẹnìkan bá kú, bí ewúrẹ́ bá sọnù, bí wọ́n bá fẹ́ fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, orí ọ̀kadà rẹ̀ ni yóò wà, yóò máa fi mẹ́gáfóònù kéde títí dé ọ̀nà Ìgbó-Ọrà. Kò ka ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni sí kékeré. Bó ṣe ń kéde ìpàdé ọba náà ló ṣe ń kéde ewúrẹ́ tálákà.

Nígbà ìbò tó kọjá, àwọn tó wà nípò gba mẹ́gáfóònù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ó ń tú àṣírí àwọn. Ọnarébù wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ìbò nígbà náà, ló ra tuntun fún un ní gbangba ọjà. Ó ní, "Bàbá, bí mo bá débẹ̀, kò sẹ́ni tó máa tún pa yín lẹ́nu mọ́." A hó yèè. Èmi gan-an jó, mo sì dìbò fún un.

Ó débẹ̀. Nígbà tí ìbò mìíràn ń sún mọ́lé, àwọn ìyá ọlọ́mọ ní kí bàbá mi bá àwọn kéde ìpàdé. Wọ́n fẹ́ béèrè ìdí tí omi kò fi yọ ní ọsibítù ìlú, tí aboyún fi ń gbé omi dání lọ bímọ. Kí ó tó gbéra, Ọnarébù dé sílé wa fúnra rẹ̀, tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dìbò tán ná. Àwọn alátakò máa fi ọ̀rọ̀ omi yẹn bú mi ni. Ẹ ò ṣáà ní gbàgbé ẹni tó ra mẹ́gáfóònù fún yín."

Mo fi ojú bẹ bàbá mi pé kí ó gbà. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Bí mẹ́gáfóònù yẹn bá lọ, iṣẹ́ rẹ̀ tán nìyẹn. Ó wọlé, ó gbé e jáde, ó fi etí aṣọ nu eruku ara rẹ̀, ó wá gbé e lé Ọnarébù lọ́wọ́.

"Mo rò pé ẹ ní kí n máa fi sọ̀rọ̀ ni. Bó bá jẹ́ pé ẹ fi ra ẹnu mi ni, ẹ gbà á."

Inú bí mi burúkú. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, mo ní, "Bàbá, irú agídí wo lẹ̀ ń ṣe yìí?" Ó yíjú, ó wọlé lọ.

Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ ọjà. Mo wà nídìí ẹ̀rọ ìlọta mi, àwa bíi mẹ́fà la tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa. Àwọn ọmọlẹ́yìn Ọnarébù dúró káàkiri, wọ́n ń ṣọ́ wa. Bàbá mi dé, ó gun orí àpótí kan, ó lanu láti kéde ìpàdé àwọn ìyá ọlọ́mọ. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ètè rẹ̀ ń mì, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, àmọ́ ariwo ẹ̀rọ wa bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọlẹ́yìn náà bú sẹ́rìn-ín.

Ni obìnrin tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi bá pa ẹ̀rọ tirẹ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Èkejì pa tirẹ̀. Ẹ̀kẹta náà pa á, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e. Orí mi wú, omi lé sí mi lójú. Láyé mi, mi ò rí irú rẹ̀ rí, kí àwọn obìnrin tí oníbàárà ń dúró dè fọwọ́ ara wọn dá iṣẹ́ dúró, lójú àwọn tó ń ṣọ́ wọn, nítorí ohùn arúgbó kan.

Ó wá ku ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ń ké, tí kò jẹ́ kí ọjà gbọ́ bàbá mi. Tèmi ni. Mo pa á.