Ìràwọ̀ Onírù Lókè Dẹ́kìn Wa

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọmọ ọmọ mi. Má bá mi tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìràwọ̀ onírù kan yọ. Ìyá mi ti gbogbo àwa ọmọdé mọ́ yàrá, ó ní ọmọ tó bá wò ó, ojú rẹ̀ á fọ́. Àwọn àgbà wò ó yó, èmi ò rí i. Ó dùn mí títí mo fi darúgbó. Nítorí náà, ní ìdájí ọjọ́ tí mo jáde bu omi àlùwàlá ní Ìjòkó níbí, tí mo rí òmíràn lápá ìlà-oòrùn, tó nàró bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi ìdí gúnlẹ̀, mo ní: ìwọ yìí, màá wò ẹ́, màá sì ya fótò ẹ.

Mo mú fóònù rẹ, mo gun dẹ́kìn ilé bàbá rẹ tí a ò tíì kan òrùlé sí. Mo tẹ̀ ẹ́ bí o ṣe kọ́ mi. Mi ò mọ̀ pé iná ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀. Iná náà kọ yẹ̀rì, ó tàn sára ìborùn funfun tí mo wé. Obìnrin oníbúrẹ́dì ilé kejì ń lọ wẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ó ju garawa nù.

“Ẹ gbà mí o! Àjẹ́ ń tanná lókè!”

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ọ̀rọ̀ ti dé ìdí ẹ̀rọ omi. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì mi débẹ̀, gbogbo wọn sún sẹ́yìn. Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi wẹ̀ nígbà tó wà ní jòjòló, ìyá rẹ̀ fi í pamọ́ sábẹ́ ìró.

Bàbá rẹ ní, “Màmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gun òkè yẹn mọ́. Ẹ jẹ́ kọ́rọ̀ náà rodò lọ mumi.”

Mo ní, “Bí mi ò bá gùn ún mọ́, wọn á ní mo ti jẹ́wọ́. Màá gùn ún.”

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, o bá mi pa iná fóònù náà. Èmi nìkan tún gun dẹ́kìn, mo gbé e ti búlọ́ọ̀kù kó má baà mì. Ìkùukùu ti bo apá ìlà-oòrùn, iná ilé-iṣẹ́ irin sọ ikùn rẹ̀ di pupa. Mo ń bá a jà: “Kúrò níbẹ̀, mi ò pè ọ́.” Ó ya díẹ̀, ìràwọ̀ náà yọjú. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún un tẹ̀.

Oníbúrẹ́dì jáde. Mo ní, “Gòkè wá.”

“Mi ò wá o! Kẹ́ ẹ lè pa mí jẹ?”

“Kí ni màá jẹ lára ẹ? Gbogbo ara ẹ, egungun!”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn, ó gbé garawa dání bí ẹni tó fẹ́ fi jagun, ó ń pe “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” ní gbogbo ìgbésẹ̀. Mo na ìka sókè. Ó wò ó. Ariwo náà dá lẹ́nu ẹ̀.

“Màmá, ṣé èyí lẹ ń wò látàná?”

“Òun ni.”

Ó gbé garawa kalẹ̀, ó ní, “Ẹ yà mí mọ́ ọn.”

Mo yà á: orí rẹ̀ dúdú, ìkùukùu pupa, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀.

Ọkùnrin kan tó ń lọ síṣẹ́ tan tọ́ọ̀ṣì sókè. “Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?”

Kí n tó lanu, oníbúrẹ́dì ti yọrí létí dẹ́kìn, ó dá a lóhùn: “Àwa àjẹ́ ni! Ṣé o fẹ́ bá wa ṣe é?”

Ọkùnrin náà fi bàtà kan sílẹ̀ sá lọ. Ariwo náà jí bàbá rẹ. Ó ké láti inú yàrá, “Màmi, ẹ ti tún wà lókè!”

Mo ní, “A wà níbí. A ti di méjì.”