Bí Sòbìà Ṣe Sọ Mí Di Oníkíróṣé

Ìró kékeré kan ló fa ọkàn mi padà sí Ìdèrè, ìlú wa, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ ọmọ mi obìnrin wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi. Ó jókòó sí pálọ̀, ó gbé fóònù ka iwájú, ó ń kọ́ kíróṣé lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà nínú fóònù náà. Bí kò bá yé e, á dá òyìnbó dúró, á dá a padà sẹ́yìn, òyìnbó á sì tún gbogbo rẹ̀ sọ láìbínú. Èmi ò wo fóònù. Píìnì irin ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń gbọ́, bó ṣe ń kan òrùka ìka rẹ̀: kẹ́, kẹ́, kẹ́. N ò gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, tí mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Sìkírá, tí ẹsẹ̀ mi sì wú bí iṣu.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ sòbìà. Ẹ dúpẹ́. Aràn gígùn ni, tín-ín-rín bí òwú. Inú omi adágún tí a ń mu ló ti ń wọ ara ènìyàn, á fara pamọ́ fún bí ọdún kan, kó tó wá lu awọ ẹsẹ̀ jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí orí rẹ̀ bá yọ, wọn á rọra wé e mọ́ igi kékeré, ìwọ̀nba díẹ̀ lójúmọ́, nítorí bó bá já sínú, wàhálà dé. Nígbà tí mò ń wí yìí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ilé tí sòbìà ò wọ̀ ní àdúgbò wa kò pọ̀. Tèmi yọ ní ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún, lásìkò tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń múra ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì.

Gbogbo ará ilé ló ń lọ sóko. Ìyá mi ò lè fi mí sílẹ̀ lémi nìkan, nítorí náà láràárọ̀ ni yóò pọ̀n mí, èmi ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀, tí àwọn ọmọ tó ń lọ sílé ìwé ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Sìkírá, ní ìkángun kejì agboolé, ni yóò sọ̀ mí sí. Sòbìà ti Bàbá wà ní orúnkún.

"Ẹ bá mi mójú tó o, Bàbá," ni ìyá mi máa ń wí.

"Ibo ni yóò sá lọ?" ni Bàbá máa ń dáhùn.

Àgbàlagbà tó ti gbé Gáná rí ni. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Àǹtí Sìkírá, wà nílé ọkọ l'Ábẹ́òkúta. Kùmásí ló ti kọ́ṣẹ́ fìlà. Fìlà kíróṣé tí àwọn ọkùnrin ń dé lọ sí mọ́sáláṣí, òun ló ń ṣe é fún Ìdèrè, fún Ìgbó-Ọrà, títí dé Tápà. Èmi ti rò pé ọwọ́ obìnrin nìkan ni òwú ń gbọ́ràn sí. Kí ọkùnrin onírùngbọ̀n, tó fi òrùka fàdákà sọ́wọ́, jókòó kó máa fi irin kékeré fa òwú gba inú òwú, ìyẹn yà mí lẹ́nu. Èyí tó tún yà mí lẹ́nu jù ni pé kò sí òfì níbẹ̀. Òwú ẹyọ kan ṣoṣo ni, ó sì ń di aṣọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wò ó kí n tó la ẹnu.

"Bàbá, ibo ni òwú yẹn ń wọ̀?"

"Inú ara rẹ̀."

"Báwo ló ṣe ń wọ inú ara rẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹní, ó mú píìnì kan jáde, ṣípóòkù kẹ̀kẹ́ tó ti fi fáìlì rin lẹ́nu títí ó fi ní ìkọ́. "Gbà," ó ní. "Bi òwú fúnra rẹ̀."

Bí a ṣe ń ta kókó àkọ́kọ́, bí a ṣe ń fi ìkọ́ fa òwú gba inú ojú kan kó lè di ojú mìíràn, tí wọ́n ń pè ní ṣéènì, ó yé mi lọ́jọ́ náà gan-an. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òun nìkan ló yé mi. Mo ta ṣéènì láti àárọ̀ títí wọ́n fi kírun ìrọ̀lẹ́. Ó gùn láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́. Bàbá fi ìka tọ̀ ọ́ lọ, tọ̀ ọ́ lọ, kò kan òpin rẹ̀.

"Ṣé ewúrẹ́ yẹn lo fẹ́ fi so ni? Tú u."

Gbogbo rẹ̀ ni mo tú. Omi bọ́ lójú mi.

Lẹ́yìn èyí ni mo kọ́ bí a ṣe ń yí i po. Mo fún un jù, píìnì ò rí ojú wọ̀. Mo dẹ̀ ẹ́, ó rí bí àwọ̀n apẹja. Bí n ò bá fi ojú kún un bó ṣe ń gbòòrò, á ká kò bí ife. Bí mo bá sì fi kún un jù, etí rẹ̀ á máa fẹ́ lẹ́lẹ́ bí ewé kókò. "Kà á," ni Bàbá ń tẹnu mọ́. "Ìka ni kó o fi kà á, má fi ojú kà á."

Nígbà tó ṣe ni mo ṣàkíyèsí pé Bàbá kì í wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ojú ọ̀nà ló máa ń kọjú sí. Mo rò pé iṣẹ́ ló mọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èmi náà dán an wò, mo fi píìnì gún ara mi níka. Ó wá di ọjọ́ kan, ó na òwú méjì sí mi. "Èwo ló funfun níbẹ̀?"

Ọ̀kan funfun báláú, èkejì yẹ́lò bí ìyeyè. Mo wo òwú, mo wo ojú rẹ̀. Mo rọra gbé ọwọ́ sókè, mo ń jù ú síwá sẹ́yìn níwájú rẹ̀. Kò ṣẹ́jú.

"Sọ ọwọ́ yẹn kalẹ̀," ó ní. "Atẹ́gùn rẹ̀ ń fẹ́ mi."

Ó wá sọ fún mi pé ìmọ́lẹ̀ ṣì ń wọlé díẹ̀, àwọ̀ ni òun ò mọ̀ mọ́. "Bí Sìkírá bá gbọ́, yóò wá kó mi lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí n ò ti mọ ẹnu ọ̀nà kankan. Ṣé o gbọ́?"

Mo gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá a yan òwú, ọ̀rọ̀ náà ò sì jáde lẹ́nu mi, kódà n ò sọ fún ìyá mi.

Ìtọpinpin mi ló bà á jẹ́. Sòbìà ẹsẹ̀ mi ń jáde lójoojúmọ́, kò tán. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ni ò ní fẹ́ mọ ibi tó parí sí? Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan tí ilé dá, mo di igi tí wọ́n wé e mọ́ mú, mo fà á. Ó já. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹsẹ̀ mi ti wú dé itan, ara mi gbóná bí ààrò. Wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù, wọ́n ń gún mi lábẹ́rẹ́, ìyá mi ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọjọ́ mẹ́jọ ni n ò fi dá ènìyàn mọ̀.

Nínú ọjọ́ mẹ́jọ yẹn, Bàbá ń parí fìlà funfun kan fún Alájì Ẹlẹ́ńjìnnì, ẹni tó ń lọ ẹ̀gẹ́ fún wa lọ́jà. Òwú tán lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín iṣẹ́. Kò rí ẹni tó lè bi, ó fọkàn yan òmíràn nínú àpò, ó sì fi parí rẹ̀. Òkè fìlà funfun, ìsàlẹ̀ rẹ̀ yẹ́lò rẹ́súrẹ́sú. Alájì fúnra rẹ̀ ló wá gbà á. Ó yí i wò, ó wo Bàbá, ó dé e sórí, ó dúpẹ́. Fìlà náà ló dé lọ kírun Jímọ́ọ̀, ní ìlà iwájú. Bí ẹnì kan bá ti wo orí rẹ̀ jù, á ní, "Bàbá Sìkírá ló ṣe é fún mi. Ṣé kò dára ni?"

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í gbélé. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí Àǹtí Sìkírá fi gbé táksí dé.

Mo ti lè tiro nígbà náà. Mo bá wọn lọ́dẹ̀dẹ̀, Àǹtí ń di ẹrù, ó ń bínú, ó sì ń sunkún. "Bàbá, ẹ ò tiẹ̀ sọ fún mi!" Mo kúnlẹ̀ lórí eékún kan tó gbà mí láyè.

"Bàbá, sòbìà mi ò já fúnra rẹ̀ o. Èmi ni mo fà á. Mo fẹ́ mọ bó ṣe gùn tó ni. Ká ní mo wà níbí, ẹ ò bá má ṣi òwú mú."

Bàbá yíjú sí ibi tí mo wà. "Báwo ló wá ṣe gùn tó?"

"N ò mọ̀, Bàbá. Ó já kí n tó mọ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Àǹtí Sìkírá náà bá wa rín in, pẹ̀lú omijé lójú, láìmọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Bàbá wá ní kó kó òwú òun mọ́ ẹrù. "Ojú ló lọ," ó ní, "ọwọ́ ṣì wà ńlẹ̀." Wọ́n sì lọ. N ò rí i mọ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà la gbọ́ pé ó ti kú, pé àwọn ọmọ àdúgbò Abẹ́òkúta ló ń bá a yan òwú títí dé òpin, ó sì kọ́ gbogbo wọn.

Èmi ò lè ṣe ìdánwò lọ́dún náà, ọdún kejì ni mo ṣe é. Fìlà àkọ́kọ́ tí mo parí ò wọ orí ẹnikẹ́ni. Ìyá mi fi bo ẹnu kèrègbè, ó sì ń yin iṣẹ́ náà fún àlejò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbẹ́ kànga fún wa, tí wọ́n kọ́ wa láti máa fi aṣọ sẹ́ omi mu. Sòbìà kásẹ̀ nílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ṣàárò rẹ̀. Fìlà tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe kún ọjà báyìí, kò sí ojú kan tó ṣìnà lára wọn, n ò sì bú wọn.

Nígbà tí mo dàgbà, tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo bi Alájì Ẹlẹ́ńjìnnì léèrè ohun tó mú un dé fìlà yẹn lọ sáàárín èrò. Ó wò mí bí ẹni pé ọmọdé ṣì ni mí. "Ẹni tó dé fìlà kì í rí i," ó ní. "Nínú èmi àti Bàbá Sìkírá, kò sẹ́ni tó rí yẹ́lò."