Kẹ̀kẹ́ Ẹ̀gbọ́n Mi Lójú Ọ̀nà Banigbé

Òórùn epo pupa àti ti irin tí ó ti dípẹtà ni ó kún yàrá ẹ̀yìn ilé wa ní Ifangni. Ibẹ̀ ni màámi máa ń to àpò gàárì sí, kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì wà lẹ́yìn àwọn àpò náà, ó fara ti ògiri, táyà rẹ̀ ti rọ̀, aláǹtakùn ti ta òwú bo gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń fọwọ́ kàn án. Bí màámi bá wọlé lọ mú gàárì, ńṣe ni ó máa ń yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni pé àlejò kan jókòó síbẹ̀ tí kò fẹ́ kí ojú àwọn méjèèjì ṣe mẹ́rin.

Ayé Rẹfolusiọ̀n ni, ìjọba àwọn ológun tó ní àwọn ń yí ìlú padà, nígbà tí gbogbo wa ń pe ara wa ní kámáràdì, tí a sì ń wẹ̀yìn kí a tó la ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi kì í wẹ̀yìn ní tirẹ̀. Ó dìde ní ìpàdé kan, ó sọ̀rọ̀ nípa àgbàdo tí àwọn aláṣẹ ń fipá gbà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, àwọn tó jókòó tì í sì sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni ó gun kẹ̀kẹ́ jáde ní ìdájí ọjọ́ kan, tí kò sì padà. Àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n rí kẹ̀kẹ́ náà lẹ́bàá ọ̀pẹ kan, ní ọ̀nà tí ó lọ sí ẹnubodè Nàìjíríà, tí wọ́n bá wa gbé e wá sílé. Àwọn kan ní ó ti sá kọjá, àwọn kan ní wọ́n ti mú un. Ẹnikẹ́ni kò sọ èyíkéyìí sókè.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sáré nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ gígùn nígbà tí ẹsẹ̀ mi kò tíì tólẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí kò ti sí mọ́, n kò gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Bí màámi bá ti kírun Àsùbáà tán, èmi ti wà lójú ọ̀nà. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé ni mí nígbà náà, àwọn ènìyàn sì rò pé eré ìdárayá tí rédíò ń pariwo rẹ̀ ni mò ń ṣe. Ilé wa ni mò ń sá fún. Ó wá di bárakú, tó bẹ́ẹ̀ tí oúnjẹ kò ní í lọ lọ́fun mi bí n kò bá tíì sáré.

Ní àkókò òjò kan, mo fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò, ọrùn ẹsẹ̀ mi yẹ̀, ó sì wú. Nọ́ọ̀sì ní n kò gbọdọ̀ sáré títí yóò fi san, pé bí n kò bá lè jókòó jẹ́ẹ́, kí n máa gun kẹ̀kẹ́. Mo fara dà á fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà mo sọ fún màámi pé mo fẹ́ tún kẹ̀kẹ́ yẹn ṣe. Gàárì ni ó ń jọ̀ lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ó ní, "Kì í fẹ́ kí ìjókòó rẹ̀ relẹ̀. Má yí i padà."

Mo tún kẹ̀kẹ́ náà ṣe, n kò yí ìjókòó rẹ̀ padà, mo sì gbé e jáde. Mo rò pé ẹni tí ń sáré lójoojúmọ́ kò ní í rí kẹ̀kẹ́ bí iṣẹ́. Lóòótọ́, èémí mi kò já, ṣùgbọ́n itan mi ń ta mí bí ìgbà tí wọ́n fi ata pa á, orí ìka ẹsẹ̀ nìkan ni mo sì fi ń kan ibi tí à ń tẹ̀. Ibi tí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ti jẹ rọ́bà ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà ni ọwọ́ tèmi bọ́ sí. Ṣéènì rẹ̀ ń dún kẹ́ẹ́-kẹ́ẹ́-kọ̀, bí ó ṣe máa ń dún tí a fi ń mọ̀ pé ó ń bọ̀ wálé. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé ènìyàn jókòó sẹ́yìn mi. Mo bojú wẹ̀yìn, mo tún bojú wẹ̀yìn.

Ìyá àgbà kan wà lójú ọ̀nà Banigbé, ọ̀nà ẹnubodè yẹn, tí ń ta ẹ̀kọ, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Láràárọ̀ tí mo bá ń sáré kọjá, kì í ju kí a kí ara wa lọ. Lọ́jọ́ yẹn, ó dìde dúró kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Oníkẹ̀kẹ́," ó ní, "ṣé o ti dé?"

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní àbúrò rẹ̀ ni mí. Ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà mú, kò fi sílẹ̀. Ó wá sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n mi yà lọ́dọ̀ òun ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó jẹ ẹ̀kọ lórí ìdúró, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá òun lódìkejì ẹnubodè títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi rọlẹ̀, ó sì bẹ ìyá àgbà náà kó sọ fún màámi kó má sunkún. Kò tíì lọ jìnnà tí ọkọ̀ kan fi sáré tẹ̀ lé e. Ìyá àgbà náà gbọ́ tí ọkọ̀ náà dúró. Ó gbọ́ tí ó yí padà.

"Ojú mi kò ríran, ọmọ mi, ṣùgbọ́n mo gbọ́. Ẹ̀rù ló bà mí."

Mo délé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún màámi. Kò sunkún. Ó kó gàárì rẹ̀ wọlé, ó wé gèlè, ó sì wá jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ náà. "Gbé mi lọ bá a," ó ní. Mo gbé e lọ tòun ti ẹsẹ̀ tí ń dùn mí, ọwọ́ rẹ̀ ká mi níbàdí.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà náà, màámi kò béèrè ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà, kò béèrè ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Ó béèrè bóyá ọmọ òun jẹ ẹ̀kọ náà tán.

"Ó jẹ ẹ́ tán," ni ìyá àgbà dá a lóhùn. "Ó tún gba omi mu."

Ìgbà yẹn ni màámi bú sẹ́kún, lórí bẹ́ǹṣì, níwájú àwọn tí ń lọ àwọn tí ń bọ̀, láyé tí a kì í sunkún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Ìyá àgbà náà fi ara tì í. Kò ní kó dákẹ́.

A kò rí ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Nígbà tí ayé yẹn kọjá, tí àwọn kan ń ti àhámọ́ bọ̀, a lọ béèrè. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ mi san, mo padà sídìí eré sísá, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí táyà kẹ̀kẹ́ náà rọ̀ mọ́. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ńṣe ni à ń tọ́jú rẹ̀ de ẹ̀gbọ́n mi. Àṣé òun gan-an ni a ń fara pa mọ́ fún, nítorí a kò lè sin ín, a kò sì lè máa retí rẹ̀. Ẹ̀rù ọ̀nà yẹn ṣì ń bà mí bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lẹ́yìn. Síbẹ̀ mo ń gbà á, torí ibẹ̀ ni a ti rí ìwọ̀nba tí ó kù fún wa nínú ayé rẹ̀: pé ó jẹun yó ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì rántí ìyá rẹ̀.