Orúkọ Tí Bọ́tìnnì Náà Ti Ń Jẹ́ Tẹ́lẹ̀

Ní ìparí àwọn ọdún 1990, nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yunifásítì wa ní Ifẹ̀, kò síbi tó tutù tó yàrá kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ amúlétutù á máa kùn bí ẹni tó ń sùn, ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà á sì máa mì lára ògiri bí omi. Bí mo bá rántí ibẹ̀ lónìí, àfi bí ẹni pé abẹ́ odò la ti ṣiṣẹ́.

Èmi ni mò ń kọ ìwé ìtọ́sọ́nà lédè Yorùbá fún ará ìlú tó bá fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ. Ọ̀gá mi, tí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ kò gba gbogbo oyè rẹ̀ tán, kò jẹ́ kí n kọ "Send", bọ́tìnnì tí à ń tẹ̀ kí lẹ́tà tó lọ, bó ṣe wà lójú kọ̀ǹpútà.

"Èdè wa ò tòṣì," ló wí. "Kọ Agbọ́rọ̀kọjá-òkun."

"Ẹni tó bá ń wá a ò ní rí i lójú ẹ̀rọ, sà."

"Á mọ́ wọn lára."

Mo kọ ọ́. Òun ló ń fọwọ́ sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, láńlọ́ọ̀dù mi ní Ìrẹ̀mọ wọlé, agbádá rẹ̀ gba àga méjì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti bímọ sí Lọ́ńdọ̀nù, àárọ̀ ọ̀la ni ìsọmọlórúkọ, tẹlifóònù ò sì lọ. Bí orúkọ tirẹ̀ ò bá dé, èyí tí ìyá ọkọ mú wá ni wọn yóò máa pe ọmọ.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín tẹ̀ ẹ́, Bàbá."

"Ọwọ́ rẹ kọ́ ni yóò sọ ọmọ mi lórúkọ. Ṣebí ẹ ti kọ ọ́ sínú ìwé?" Ó kàwé dé ìwé mẹ́fà, kì í sì í jẹ́ ká gbàgbé.

Ó fi ìka kan tẹ orúkọ náà tán. Ó wá gbé ìwé wa sókè, ó ń wá Agbọ́rọ̀kọjá-òkun. Oòrùn ń sún díẹ̀díẹ̀ lára kọ́tìnnì.

"Èyí tí wọ́n kọ Send sí ni, Bàbá."

Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. "Ìwé ò dárúkọ ìyẹn. Bó bá pa orúkọ ọmọ rẹ́ ńkọ́? Ta ló sọ ọ́ ní èyí tí ẹ kọ síbí?"

"Ọ̀gá mi ni."

"Ṣé òun ló bí i ni?"

Ọ̀gá mi ti yọ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ káàsán, sà. Ẹ kàn mú un bí ìnagijẹ."

"Ìnagijẹ kẹ̀? Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé rẹ̀ lónìí?"

Mo mú báírò, mo fagi lé Agbọ́rọ̀kọjá-òkun, mo kọ Send sókè rẹ̀. Bàbá wo ìwé, ó wo ẹ̀rọ, ó tún wo ìwé. Ó tẹ̀ ẹ́.

"Ó ti lọ?"

"Ó ti lọ, Bàbá."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì ń wo ojú kọ̀ǹpútà, bí ẹni pé ẹnìkan máa juwọ́ sí wa láti òdìkejì. Lẹ́yìn náà ni Bàbá kó agbádá rẹ̀ jọ, ó lọ sójú fèrèsé, ó sì rọra pe orúkọ ọmọ náà síta, nítorí bóyá ẹ̀rọ lè gbàgbé rẹ̀ lọ́nà.