Ohùn Ìyá Olúfúnkẹ́ nínú Fláàṣì

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Olúfúnkẹ́ Adéyẹmí ní ìlú Benin. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní àdúgbò Ogida débi pé àwọn aládùúgbò a máa bá a sọ èdè Bìní, kí wọ́n tó rántí pé kò gbọ́ ọ. Kí ìyá rẹ̀ tó kú, Olúfúnkẹ́ fi fóònù gba ohùn ìyá náà sílẹ̀ níbi tó ti ń ki oríkì ìdílé wọn. Fóònù náà ti já sómi. Inú fláàṣì kékeré kan ṣoṣo ni ohùn yẹn kù sí, fláàṣì ọ̀hún kò sì ṣí.

"Mummy, e dey see am," ni Ìtùnú ọmọ rẹ̀ wí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, Pidgin ló fi ń dáhùn. Linux ló ń darí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kì í ṣe Windows. "See the name, see the size. But e no gree mount."

"Ó ń rí i, kò sì lè ṣí i? Irú ìríran wo nìyẹn?"

Wọ́n yọ ọ́, wọ́n tì í bọ ihò mìíràn. Olúfúnkẹ́ fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún. Bákan náà ni.

"Dọ̀tun tó ń mójú tó ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí á fọ́mátì rẹ̀, kí á pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, pé yóò ṣiṣẹ́ bíi tuntun."

"E go work. But grandma no go dey inside again."

Olúfúnkẹ́ gba fláàṣì lọ́wọ́ rẹ̀, ó dì í mú.

Ìtùnú ka ohun tí kọ̀ǹpútà kọ. "Mummy, last time, how you take remove am?"

Ọ́fíìsì ló ti ṣẹlẹ̀. Olúfúnkẹ́ ń da ohùn náà kọ láti inú fóònù sínú fláàṣì nígbà tí iná lọ. Níbi iṣẹ́ wọn, bí iná bá ti lọ, oníkálukú a fa fláàṣì tirẹ̀ yọ, kí iná jẹnẹrétọ̀ má baà jó o nígbà tí wọ́n bá tan án. Òun náà fà á yọ.

"Na desktop?"

"Láptọ́ọ̀pù ni."

"Ah, Mummy. Laptop get battery. E still dey copy."

Olúfúnkẹ́ wo fláàṣì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ṣe láti dáàbò bo fláàṣì ló pa á lára. Kò yé e tán.

Ìtùnú ṣàlàyé pé fláàṣì tí wọ́n yọ lójijì báyìí, Linux kì í fẹ́ kọ nǹkan sí i, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣí i. Òun yóò ní kí ó kà á nìkan, kí ó má kọ nǹkan kan. Ó gba fláàṣì padà, ó tì í bọ kọ̀ǹpútà, ó tẹ àṣẹ kan. Fláàṣì náà ṣí.

Ohùn ìyá jáde, adìẹ ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Ó ki àwọn bàbá ńlá, ó kan Olúfúnkẹ́ fúnra rẹ̀, ó pe orúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó dúró.

"Màmá máa ń sinmi níbẹ̀," ni Olúfúnkẹ́ wí. "Tún un bẹ̀rẹ̀."

Ibẹ̀ náà ló tún dúró. Olúfúnkẹ́ gbìyànjú láti rántí bóyá ìyá rẹ̀ kò parí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tàbí ikọ́ ló dá a dúró. Kò rántí.

"Ṣé kọ̀ǹpútà lè mọ̀ bóyá èmi ni mo gé e, àbí Màmá ló dákẹ́?"

"I no know, ma."

Ìtùnú da èyí tí wọ́n rí kọ sórí kọ̀ǹpútà. Olúfúnkẹ́ kò kúrò nídìí kọ̀ǹpútà náà. Ó ní kí Ìtùnú tún ohùn náà gbé sí i, ó sì tẹ́tí sí ibi tí ohùn ti dá, bóyá èémí kan ṣì wà níbẹ̀.