Ajíǹde Onígbàjámọ̀ àti Kíndìnrín Rẹ̀ Méjèèjì

Onígbàjámọ̀ tó wà níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ ti kú rí. Kì í ṣe àsọdùn. Ìwé tí dókítà fi jẹ́rìí sí i wà nínú férémù lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lókè dígí, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń gbé ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ kọ́ sí. Ọsibítù ní kó dá a padà, ó ní òun kọ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún ni? Tó o bá jókòó sórí àga rẹ̀ tó ń yí, tí abẹ ti wà lọ́rùn rẹ, ohun tí wàá máa kà nìyẹn: orúkọ rẹ̀, ọdún mẹ́tàlélógún tó jẹ́ ọjọ́ orí rẹ̀, àti agogo tí ẹ̀mí bọ́. Oníbàárà tuntun kì í mira.

Iná ló gbé e nígbà tó ń tún ẹ̀rọ ìgẹrun ọ̀gá rẹ̀ ṣe. Wọ́n sáré gbé e dé ọsibítù. Dókítà tó ti bọ́ kóòtù funfun, tó ń lọ sílé lọ jẹun, di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni ń kí àna tí kò fẹ́ràn, ó ní ó ti kú, ó buwọ́ lùwé, ó lọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá wẹ òkú, ó bu igbá omi àkọ́kọ́ dà sí i lórí. Òkú ní, "Omi yìí mà tutù o." Ẹ̀gbọ́n ò sá. Ó kọ́kọ́ gbá a létí, pé ta ló ní kó máa fi ikú ṣeré, kó tó wá bú sẹ́kún. Látìgbà náà la ti ń pè é ní Ajíǹde.

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni báyìí. Lọ́dún tó kọjá, ó lọ gba ìwé tí èèyàn fi ń yọ̀ǹda ẹ̀yà ara rẹ̀ kó tó kú, kí wọ́n lè fi wo ẹlòmíì sàn. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Gbogbo wa ló rò pé Ajíǹde ni yóò sá jù.

Tíṣà kan ló fà á. Ogún ọdún ló fi gẹrun fún tíṣà yìí. Nígbà tí kíndìnrín tíṣà méjèèjì daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló ń lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ajíǹde á gbé àpótí irinṣẹ́ tọ̀ ọ́ lọ, á gẹrun rẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí, á tẹ́ aṣọ ìnura kí irun má baà bọ́ sórí rọ́bà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Ọdún méjì ni tíṣà fi retí ẹni tí yóò fún un ní ẹyọ kan. Kò rí títí ó fi kú. Ajíǹde ló fá irùngbọ̀n rẹ̀ kẹ́yìn, ó sì tẹ́ aṣọ ìnura bíi ti tẹ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ìwé náà wo ọjọ́ orí rẹ̀. "Bàbá, ojú yín dá mi lójú. Kíndìnrín yín, ó dìgbà náà."

"Kí lo rí lára kíndìnrín mi? Mi ò kì í mutí, mi ò kì í bínú. Kọ méjèèjì sílẹ̀."

Ó kọ ọ́, àmọ́ ó ní tí ẹbí kan ò bá buwọ́ lù ú, asán ni. Ìyàwó Ajíǹde ti lọ, wọn ò bímọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yẹn nìkan ló kù.

Kó tó kan ẹ̀gbọ́n, alùfáà tó wá fá irùngbọ̀n gbéjà kò ó ní ṣọ́ọ̀bù, ọṣẹ ti kún àgbọ̀n rẹ̀.

"Ajíǹde, wọ́n ní o fẹ́ ta ara rẹ."

"Ọ̀fẹ́ ni, alùfáà. Ẹ gbé àgbọ̀n sókè."

"Lọ́jọ́ ìdájọ́, báwo lo ṣe máa dìde láìní kíndìnrín?"

"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ọdún kẹtàlá rèé tí mò ń gbá irun yín dà nù. Ṣé ẹ máa kọ́kọ́ yà ní ààtàn ni?"

"Irun yàtọ̀."

"Ó yàtọ̀ lóòótọ́. Ẹni tí ẹja jẹ lójú omi wá ńkọ́? Ọlọ́run tó máa kó ìyẹn jọ látinú ikùn ẹja mẹ́rìndínlógún, ṣé kíndìnrín tèmi ló máa wá sú u?"

Alùfáà fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n abẹ ti dé ọ̀fun rẹ̀. Kò síbi tó dáa láti jiyàn ẹ̀sìn bíi ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, tó bá jẹ́ ìwọ lo di abẹ mú.

Ẹ̀gbọ́n ni ò ṣeé fá. Ó tẹ̀ lé e dé ọ́fíìsì nọ́ọ̀sì, ó jókòó, ó sì yọ férémù tó ká lára ògiri ṣọ́ọ̀bù jáde nínú báàgì. Ó gbé e lé tábìlì.

"Kà á. Dókítà yín ló kọ ọ́. Ká ní ìwé tìrẹ yìí wà lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò bá ti la àbúrò mi bí ẹja. Ibi tó ti ń sọ pé omi tutù, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á ti wà nínú ẹlòmíì."

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rọ lè máa mí fún èèyàn, kí àyà rẹ̀ máa lù, kí ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ọpọlọ sì ti kú pátápátá. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ikú. Dókítà méjì ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe àwọn tó ń tọ́jú ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀yà ara. Wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, wọ́n á fi òwú kan ẹyinjú, wọ́n á da omi tútù sí i létí, wọ́n á wò ó bóyá á mí fúnra rẹ̀. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

"Omi tútù?" Ajíǹde yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe láìgba owó oṣù."

"Panu mọ́. Ara ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, àyà ń lù, wọ́n ní ó ti kú. Ta ni wọ́n fẹ́ tàn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ara mi lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó wò ó. Ẹnì kan, ẹ̀ẹ̀kan, ó ń kánjú lọ jẹun. Tí mo bá kú láìní ìwé yìí, irú ẹ̀ náà ni wọ́n á tún rán sí mi. Ẹni tó níwèé ni èèyàn méjì ń wò lẹ́ẹ̀mejì. Èmi tí wọn ò wò dáadáa rí, ẹ jẹ́ kí wọ́n wò mí kó tẹ́ mi lọ́rùn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kó ohun tó bá wúlò. Tíṣà mìíràn ò gbọ́dọ̀ kú nítorí ohun tí ikán fẹ́ jẹ."

Ẹ̀gbọ́n fa ìwé náà sọ́dọ̀. "Èmi náà á wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ń wò ó."

"Ẹ fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ. Ta ló ní ẹ̀yin lẹ máa gbẹ̀yìn?"

"Ìwọ ti kú lẹ́ẹ̀kan. Èmi ò tíì bẹ̀rẹ̀."

Ó gba bírò, ó buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé: *Wọn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án àfi tí èmi náà bá wò ó, tí mo ní ó ti kú.*

"Màmá, kò sáàyè fún ìyẹn nínú fọ́ọ̀mù."

"Mo rí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́."

"Màá ní láti mú òmíì tó mọ́ wá."

"Mú mẹ́wàá wá. Ara mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni màá kọ ọ́ sí."

Nọ́ọ̀sì wo Ajíǹde pé kó gba òun. Ajíǹde ń wo àjà. Èèyàn méje ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀, ó gbé òǹtẹ̀, ó lù ú sórí ìbuwọ́lùwé.

"Lù ú sórí èyí tí mo kọ náà," ni ẹ̀gbọ́n wí, kò sì dìde títí nọ́ọ̀sì fi lù ú.