Irun Tanímọ̀la nínú aṣọ etù

Òótọ́ ni mo sọ fún oníbàárà lónìí. Wọn ò gbà.

Irun ajá mi funfun, Tanímọ̀la, ń re látìgbà tí ọyẹ́ ti dé. Abẹ́ òfì tí mo fi ń hunṣọ ló sì máa ń sùn. Mo ń fi òòyà ya irun rẹ̀ níta láràárọ̀, mo ń gbálẹ̀, irun ò tán.

Màmá kan wá láti Agó-Àmọ̀dù, wá gba etù tí wọ́n ní kí n hun. Wọ́n tẹ́ aṣọ dúdú náà sínú oòrùn. Irun funfun kún inú ẹ̀.

"Òwú wo ló ń dán báyìí?"

"Irun ajá ni, mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

"Ẹ̀yin ahunṣọ! Ẹ ò jẹ́ sọ àṣírí iṣẹ́ yín féèyàn. Òwú yìí náà ni kó o fi hun ti ọkọ mi o."

Àárọ̀ yìí ni mo ya irun Tanímọ̀la, tí mo dáná sun irun náà. Mo tún ti yà á báyìí. Kò re mọ́.

Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn, ta ni irun ajá funfun ń dà láàmú nílé? Ẹ má tíì gbálẹ̀. Mo ń bọ̀.